Èémí Inú Bọ́ọ̀lù

Irun kì í rùn. Ọgbọ̀n ọdún tí onígbàjámọ̀ yìí ti ń gẹ orí àdúgbò, kò gbọ́ òórùn irun rí. Òógùn lè rùn, ìpara lè rùn, oníbàárà tí kò tíì wẹ̀ lè rùn, ṣùgbọ́n irun fúnra rẹ̀ dà bí ewé gbígbẹ: a gbá a, a dà á nù, ó parí. Ìdí nìyẹn tó fi dúró lójijì ní àárọ̀ ọjọ́ Ajé kan, ìgbálẹ̀ lọ́wọ́, tó ń fa imú. Nǹkan kan ń rùn nínú òkìtì irun abẹ́ àga, bí ẹran tí wọ́n gbàgbé sínú ìkòkò. Ó bẹ̀rẹ̀, ó tún fa imú. Òórùn náà ti lọ.

Ọjọ́ yẹn ló yẹ kó ti ilẹ̀kùn ṣọ́ọ̀bù rẹ̀, kó lọ sùn.

Ṣùgbọ́n ta ló ń ti ṣọ́ọ̀bù ní ọjọ́ Ajé? Ẹnu ọ̀nà kékeré pápá ìṣeré ni ṣọ́ọ̀bù náà kọjú sí, àwọn olólùfẹ́ ẹgbẹ́ agbábọ́ọ̀lù ìlú sì ti sọ ọ́ di ilé ìgbìmọ̀. Orí méjì péré ló lè gẹ̀ láàárọ̀ Ajé, ẹnu ogún ènìyàn ni yóò sì gbọ́. Kí ó tó gbá irun náà dé ìta, wọ́n ti kún orí bẹ́ǹṣì.

"Ìfẹsẹ̀wọnsẹ̀ méje," Alága ní. "Méje, a ò gbá ẹyọ kan sáwọ̀n. Adìẹ tó bá sàba fún ọ̀sẹ̀ méje, àwọn ọmọ rẹ̀ á ti máa jẹ̀ kiri."

Alága yìí ni olórí àwọn olólùfẹ́ ẹgbẹ́ náà. Táyà ló ń tà. Òun náà ni ẹ̀gbọ́n ìyàwó onígbàjámọ̀, tó fi jẹ́ pé bó bá sọ ọ̀rọ̀ tí kò dáa nínú ṣọ́ọ̀bù, onílé kò lè sọ fún un pé kó jáde.

"Ẹ jẹ́ ká fara balẹ̀," Tísà dáhùn. Olùkọ́ tó ti fẹ̀yìn tì ni, kò sì lè sọ̀rọ̀ kó má kọ nǹkan sílẹ̀. Ó ti ìka bọ inú agolo ọṣẹ ìfárùngbọ̀n, ó bẹ̀rẹ̀ sí í ya àwòrán sára dígí. "Ẹsẹ̀-Òsì, atamátàsé wa, nìyí níwájú, òun nìkan, bí òpó iná. Àwọn méjì tó yẹ kó gbé bọ́ọ̀lù dé ọ̀dọ̀ rẹ̀ nìyí, wọ́n dúró sẹ́yìn bí ọdẹ tó ń ṣọ́ ilé. Kí bọ́ọ̀lù tó dé, àwọn alátakò ti tò tán síwájú rẹ̀. Tí ẹ bá fi atamátàsé kejì tí ẹ ń bèèrè kún un, ebi ni yóò jọ máa pa àwọn méjèèjì."

"Ebi ló ti ń pa àwa láti oṣù méjì," ẹnì kan sọ. Ẹ̀rín tí wọ́n rín korò.

"Ojo ni Kóòṣì," Alága ní. "Bọ́ọ̀lù sẹ́yìn, bọ́ọ̀lù sẹ́gbẹ̀ẹ́. Ẹni tó ń fi ẹ̀yìn rìn, ìdí ni yóò fi wọ kòtò." Ó wúkọ́ díẹ̀, bó ṣe máa ń ṣe nígbà tó bá sọ̀rọ̀ tán, bí ẹni ń fi èdìdì di lẹ́tà.

Onígbàjámọ̀ ń gẹrun lọ ní tirẹ̀. Orí ejìká bàbá rẹ̀ ló ti kọ́kọ́ wo ẹgbẹ́ yìí. Lọ́jọ́ Àbámẹ́ta tó kọjá, nígbà tí aṣọ́lé wọn fọwọ́ ara rẹ̀ ju bọ́ọ̀lù sí ẹsẹ̀ alátakò, onígbàjámọ̀ tutọ́ sáàárín ẹsẹ̀ ara rẹ̀ lórí ìjókòó, itọ́ náà sì korò. Eré náà ti sú u. Àwọn tó ń gbá a ti sú u, àwọn tó ń sọ̀rọ̀ rẹ̀ náà ti sú u.

Nígbà tí wọ́n tú ká, Alága kò dìde.

"Àna mi," ó ní, ohùn rẹ̀ ti wálẹ̀. "Ọ̀dọ̀ rẹ ni Kóòṣì ti ń gẹrun, àbí?"

"Ọ̀dọ̀ mi ni, ẹ̀gbọ́n."

"Irun rẹ̀ ni mo fẹ́. Díẹ̀ ló máa tó."

Onígbàjámọ̀ wò ó. "Kí lẹ fẹ́ fi ṣe?"

"Ṣé ojú apààyàn ni mo ní? Kó lè gbọ́ ọ̀rọ̀ ni. Kó ṣí etí. Ìfẹsẹ̀wọnsẹ̀ mẹ́rin ló kù kí sáà parí. Ṣé ìwọ fẹ́ kí á jábọ́ sí ìpele ìsàlẹ̀ ni?"

Kò fún un lésì. Àìlésì yẹn gan-an ni Alága gbé lọ sílé.

*

Ní Ọjọ́bọ̀, Kóòṣì wọlé pẹ̀lú ìkíni jẹ́jẹ́ rẹ̀, ó jókòó sórí àga, ó tẹrí síwájú. Ọkùnrin tó lé díẹ̀ ní ogójì ọdún ni, tí kì í pariwo. Àní ní etí pápá, ṣe ló máa ń káwọ́ lẹ́yìn bí ẹni tó wá wo ilẹ̀ tó fẹ́ rà.

"Kóòṣì, ẹ má bínú," onígbàjámọ̀ ní, kílípà ń kùn lọ́wọ́ rẹ̀. "Kí ló dé tí a ò lè lo atamátàsé méjì?"

"Ẹni mọ́kànlá péré ni mo ní, bàbá. Tí mo bá mú ẹnì kan kúrò láàárín, ta ni yóò gba bọ́ọ̀lù lẹ́sẹ̀ wọn? Mo ń kọ́ àwọn ènìyàn wa láti gbé e gba àárín lọ. Kò tíì yé wọn tán. Ẹ fún wa ní àkókò. Ó ṣeé ṣe kí á jábọ́ lọ́dún yìí, ṣùgbọ́n tí a bá padà gòkè, kò sẹ́ni tó máa lè fà wá sílẹ̀ mọ́."

"Kí á jábọ́?"

"Agbẹ̀bí ni ẹ̀gbọ́n mi obìnrin. Ó máa ń sọ pé aboyún kì í torí ariwo ẹnu ọ̀nà bímọ." Ó rẹ́rìn-ín sí ara rẹ̀ nínú dígí.

Ẹ̀rín yẹn ló bà á jẹ́. Ariwo ẹnu ọ̀nà. Onígbàjámọ̀ rántí òjò tó ti pa á ní orí ìjókòó pápá yẹn, ó rántí ohùn tó ti há mọ́ ọn lọ́fun. Nígbà tí Kóòṣì lọ, ó mú ìgbálẹ̀. Ó wo irun tó wà nílẹ̀. Ó ju ìgbálẹ̀ sílẹ̀, ó fi ọwọ́ ọ̀tún ṣa díẹ̀ nínú rẹ̀, ó dì í sínú bébà.

*

Ẹ̀yìn ṣọ́ọ̀bù Alága ṣókùnkùn ní ọ̀sán gangan, torí wọ́n to táyà láti ilẹ̀ dé àjà, gbogbo rẹ̀ ń rùn bí nǹkan tó jóná tí kò jóná tán. Ọkùnrin kan jókòó láàárín wọn lórí ríìmù ọkọ̀ akẹ́rù. Onígo ni wọ́n ń pè é, nítorí kò síbi tó ń lọ tí ìgò kì í dún nínú àpò rẹ̀. Èékánná rẹ̀ gùn, ó dúdú, ó sì ń fi ọ̀kan nínú wọn ta eyín.

"Ọwọ́ wo lo fi gẹ̀ ẹ́?" ó bi onígbàjámọ̀, láìkí i.

"Ọwọ́ ọ̀tún."

"Ọwọ́ wo lo fi dì í?"

"Ọ̀tún náà ni."

Onígo mi orí. Ó fa rọ́bà inú bọ́ọ̀lù àtijọ́ kan jáde, irú èyí tí wọ́n máa ń fẹ́ kí wọ́n tó rán awọ mọ́ ọn. Ó fi èékánná ti irun náà wọ ẹnu rẹ̀ díẹ̀díẹ̀. Lẹ́yìn náà ó da nǹkan sí i láti inú ìgò kan, ohun tó ki bíi kẹ̀lẹ̀bẹ̀, tó ń ṣàn wálẹ̀ bí ẹni tí kò fẹ́ wọlé. Nígbà tí òórùn rẹ̀ dé imú onígbàjámọ̀, ó mọ̀ ọ́n. Ó ti gbọ́ ọ lábẹ́ àga rẹ̀ ní àárọ̀ ọjọ́ Ajé, kí ẹnikẹ́ni tó bẹ̀ ẹ́ ní irun.

"Fi ẹnu sí i," Onígo sọ fún Alága. "Ohun tí o bá fẹ́ kó ṣe, sọ ọ́ sínú rẹ̀, kí o fẹ́ ẹ. Ọ̀rọ̀ kan, èémí kan."

Alága fi ètè bo ẹnu rọ́bà náà. "Síwájú," ó ní, ó fẹ́ ẹ. "Ẹ lọ síwájú." Ó tún fẹ́ ẹ. "Gbogbo yín." Rọ́bà náà ń wú. Omi dúdú díẹ̀ yọ ní igun ẹnu rẹ̀, ó sì fi ahọ́n lá a láìmọ̀. Onígbàjámọ̀ gbójú sẹ́gbẹ̀ẹ́.

Wọ́n fi òwú so ó, wọ́n fi kọ́ òrùlé láàárín táyà. "Kò gbọdọ̀ fara kan ilẹ̀," Onígo ní, kò sì sọ ohun tí yóò ṣẹlẹ̀ bó bá kàn án.

Nígbà tí onígbàjámọ̀ dé ẹnu ọ̀nà, ó bojú wẹ̀yìn lẹ́ẹ̀kan. Rọ́bà náà ń wú, ó ń fọn, ó ń wú, ó ń fọn, jẹ́jẹ́, bí ìhà ewúrẹ́ tó ń sùn. Kò sí ẹni tó fọwọ́ kàn án.

*

Lọ́jọ́ Àbámẹ́ta, atamátàsé méjì jáde sí pápá. Àwọn ènìyàn kọ́kọ́ rò pé ojú ń tàn wọ́n ni. Góòlù méjì sí ẹyọ kan ni wọ́n fi borí, orí ìjókòó pápá sì fẹ́rẹ̀ẹ́ wó. Onígbàjámọ̀ dì mọ́ ẹni tí kò mọ̀ rí, ó sunkún sí i léjìká.

"Orí ló kó wa yọ," Tísà ní, nígbà tí wọ́n ń jáde. "Ẹ̀yìn wọn ló ń tòògbé. Ẹ wo bí àárín wa ṣe ṣí sílẹ̀."

"Tísà, ẹ jẹ́ ká jẹ̀gbádùn," ni wọ́n fi dá a lóhùn.

Ìgbà tí onígbàjámọ̀ dé ilé, tó ń wẹ̀, ni nǹkan kan ṣẹ̀ṣẹ̀ wá sí i lọ́kàn, tí omi fi tutù mọ́ ọn lára. Ó gbọ́ tí Kóòṣì kígbe lónìí. Ọkùnrin tí kò kígbe láti ọdún mẹ́ta dúró ní etí pápá, ó ń bú ramúramù: "Ẹ lọ síwájú! Gbogbo yín!" Ní àkókò yẹn gan-an, Alága jókòó ti onígbàjámọ̀ lórí ìjókòó, ojú rẹ̀ sì là sílẹ̀. Kò pariwo. Ètè rẹ̀ nìkan ló ń mì.

*

Ní ọ̀sẹ̀ kejì, atamátàsé mẹ́rin ló wà níwájú. Kóòṣì ń fi ọwọ́ méjèèjì ti àwọn agbábọ́ọ̀lù sínú pápá, bí ẹni tó ń lé ẹran. Kò sí ẹnikẹ́ni láàárín tó lè gba bọ́ọ̀lù. Àwọn alátakò ń rìn kọjá níbẹ̀ bí ẹni ń gba ẹ̀yìnkùlé ilé bàbá rẹ̀ lọ, wọ́n sì gbá márùn-ún sáwọ̀n.

Ní ọjọ́ Ajé, àwọn ẹnu kan náà tó ti ń bèèrè atamátàsé ló ń bèèrè àárín.

"Ta ló ń to ẹgbẹ́ báyìí? Àbí ọkùnrin yìí ti ya wèrè?"

"Èmi ti sọ ọ́ láti ìbẹ̀rẹ̀ pé àárín ni kókó."

"Ìwọ? Ìwọ tó o ní kí wọ́n yọ gbogbo wọn?"

"Kò tíì tó ni," Alága ní láti igun. Ó ti rù. Ọrùn ẹ̀wù rẹ̀ ti gbòòrò jù fún un, itọ́ funfun sì gbẹ sí igun ẹnu rẹ̀, pẹ̀lú ìlà dúdú tín-ín-rín láàárín rẹ̀. "Àwọn tó kù lẹ́yìn ló ń fà wá. Gbogbo wọn ló yẹ kó lọ síwájú." Ó wúkọ́ díẹ̀.

Tísà ń wò ó, ọṣẹ lórí ìka rẹ̀. Kò ya àwòrán kankan lọ́jọ́ náà. Ó nu ìka rẹ̀ sára sòkòtò, ó sì lọ sílé.

*

Ọjọ́bọ̀ tún pé. Kóòṣì jókòó láìkí ẹnikẹ́ni.

Onígbàjámọ̀ gbé kílípà lé e lórí, irun kò sì já bó ṣe yẹ. Ó ń lẹ̀ mọ́ra ní ìdì-ìdì, ohun dúdú sì wà ní gbòǹgbò rẹ̀, ó ń yọ̀, bíi gírísì. Bó ṣe ń nù ún ni òmíràn ń sun jáde láti orí. Òórùn táyà ni, òórùn ẹran ìkòkò sì wà lábẹ́ rẹ̀.

"Kóòṣì, ṣé ara yín yá?"

"Ojo ló ń wẹ̀yìn," ẹnu Kóòṣì ní. "Ẹni tó ń fi ẹ̀yìn rìn, ìdí ni yóò fi wọ kòtò." Ó wúkọ́ díẹ̀.

Kílípà bọ́ lọ́wọ́ onígbàjámọ̀. Nínú dígí, ojú ọkùnrin náà kò bá ẹnu rẹ̀ mu rárá. Ẹnu ń yangàn, ojú ń bẹ̀bẹ̀. Kóòṣì fi ọwọ́ òsì bo ẹnu ara rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó nawọ́ ọ̀tún sí agolo ọṣẹ, ó sì fi ìka kọ ọ̀rọ̀ mẹ́ta sára dígí: *Kì í ṣèmi.*

Onígbàjámọ̀ sáré sí ẹ̀yìnkùlé, ó sì bì títí kò fi sí ohun tó kù nínú rẹ̀. Nígbà tó padà, àga ti ṣófo, ọṣẹ náà sì ń ṣàn wálẹ̀ lára dígí.

*

Ohun tó ṣẹlẹ̀ lọ́jọ́ Àbámẹ́ta tó tẹ̀ lé e, àwọn tó wà níbẹ̀ kì í fẹ́ sọ ọ́. Kóòṣì lé aṣọ́lé pàápàá síwájú. Òpó ilé wà lófìfo bí ilẹ̀kùn ilé tí wọ́n kó kúrò nínú rẹ̀. Wọ́n ti gbá mẹ́fà sáwọ̀n wọn nígbà tí orúnkún Ẹsẹ̀-Òsì yẹ̀. Láti orí ìjókòó ni wọ́n ti gbọ́ ọ, bí ẹni ṣẹ́ igi gbígbẹ.

Ọkùnrin náà ṣubú. Ìyàwó rẹ̀, tó gbé ọmọ ọwọ́ sẹ́yìn, dìde dúró. Rẹfirí fọn fèrè. Ṣùgbọ́n Kóòṣì kò dákẹ́. "Síwájú! Síwájú!" Ẹsẹ̀-Òsì tó wà nílẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í fi ìgúnpá wọ́. Ó ń wọ́ lọ síwájú nínú koríko, ẹsẹ̀ tó yẹ̀ ń tẹ̀ lé e bí nǹkan tí kì í ṣe tirẹ̀, ó ń sunkún, kò sì lè dúró, títí ẹni mẹ́rin fi dì í mú.

Onígbàjámọ̀ wo ẹ̀gbẹ́ rẹ̀. Alága ń rẹ́rìn-ín músẹ́, ètè rẹ̀ ń mì.

*

Ní ọjọ́ Ajé, arúgbó obìnrin kan wọ ṣọ́ọ̀bù, tó wé gèlè funfun. Ìdajì àwọn tó jókòó sórí bẹ́ǹṣì ló jẹ́ pé òun ló gbẹ̀bí wọn. Ó jókòó sórí àga oníbàárà, ẹsẹ̀ rẹ̀ kò tólẹ̀.

"Ẹ káàbọ̀, ìyá," onígbàjámọ̀ ní.

"Gbé ọwọ́ ọ̀tún rẹ wá kí n wò ó."

Ó gbé e fún un. Ìyá agbẹ̀bí yí i síwá sẹ́yìn, bí ẹni ń wo ìkókó bóyá ó pé.

"Àbúrò mi ò jẹun mọ́," ó ní, jẹ́jẹ́, kí àwọn tó kù má gbọ́. "Tó bá lanu, ohùn ọkùnrin kan ló ń jáde. Mi ò mọ ẹni tó ni ohùn. Mo mọ ibi tí àbúrò mi ti ń gẹrun." Ó fi àtàńpàkò pa nǹkan kan sí àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀. Ó tutù bí imú ajá. "Ọjọ́ mẹ́rin ni mo fún ọ láti tú u. Ọwọ́ tó dì í ló mọ ibi tó dè é sí."

Ó sọ̀kalẹ̀, ó kí gbogbo ilé pé ó dàbọ̀, ó lọ.

Ní ìdájí ọjọ́ kejì, ọwọ́ onígbàjámọ̀ ti ń rùn. Ó fi ọṣẹ fọ̀ ọ́, ó fi kẹrosíìnì fọ̀ ọ́, ó fi eérú ha á títí awọ fi bó. Oníbàárà àkọ́kọ́ jókòó, ó gbóòórùn ọwọ́ náà lẹ́bàá etí rẹ̀, ó dìde pẹ̀lú táwẹ́lì lọ́rùn, kò padà wá. Nígbà tó di Ọjọ́rú, eṣinṣin ti ń tẹ̀ lé e kiri.

"Kí lẹ fọwọ́ kàn?" ìyàwó rẹ̀ bi í, láti ẹnu ọ̀nà yàrá, kò wọlé.

Ó sọ gbogbo rẹ̀. Kò fi ohunkóhun pa mọ́. Ìyàwó rẹ̀ fetí sílẹ̀, ọwọ́ ní imú.

"Ẹ̀gbọ́n mi ni, mo mọ̀ ọ́n," ó ní nígbẹ̀yìn. "Láti kékeré, tí wọn ò bá gbọ́ tiẹ̀ nínú ilé, á dá èémí rẹ̀ dúró títí ojú rẹ̀ á fi dúdú. Ìyá wa á ní kí wọ́n tètè gbọ́ tiẹ̀ kó tó kú. Ẹ lọ bá a. Tó bá dá èémí dúró, ẹ jẹ́ kó dá a dúró."

*

Rọ́bà náà ti tóbi ju ọkùnrin tó ń fẹ́ ẹ lọ. Ó kún ẹ̀yìn ṣọ́ọ̀bù, ó ti táyà sí ògiri, awọ rẹ̀ ń làágùn, iṣan dúdú sì ti yọ lára rẹ̀. Alága jókòó lábẹ́ rẹ̀. Egungun ló kù.

"Níbo ni Onígo wà, ẹ̀gbọ́n?"

"Ó ti kó ìgò rẹ̀ lọ. Ó ní iṣẹ́ òun ti parí."

"Ẹ jẹ́ ká tú u. Ẹsẹ̀ ọmọ ọlọ́mọ ti yẹ̀. Ọkùnrin yẹn ń kú lọ."

"Ìfẹsẹ̀wọnsẹ̀ kan ló kù," Alága ní. Ohùn rẹ̀ tín-ín-rín, ó ń sinmi láàárín ọ̀rọ̀. "Tí gbogbo wọn bá lọ síwájú lẹ́ẹ̀kan náà. Mo mọ̀ pé yóò bọ́ sí i."

"Ẹ rí i pé kò bọ́ sí i."

"Àna mi, jókòó. Jẹ́ kí n sọ òótọ́ fún ọ." Ó gbójú sókè sí rọ́bà náà, bí ẹni ń wo ọmọ rẹ̀. "Àwọn ọmọ mi kì í gbọ́ tèmi. Àwọn tó ń ra táyà kì í gbọ́ tèmi, iye tí wọ́n bá fẹ́ ni wọ́n ń san. Ogún ọdún ni mo fi kígbe lórí ìjókòó yẹn, kò sí ẹni tó bojú wẹ̀yìn. Ọkùnrin yìí ń gbọ́. Mo bá sọ ọ́, ó ṣe é. Ṣé o mọ bó ṣe dùn tó?"

Ìríra tó gbá onígbàjámọ̀ lọ́kàn kò mọ sára àna rẹ̀ nìkan, torí ó mọ bó ṣe dùn tó. Òun náà ti sunkún ayọ̀ lọ́jọ́ góòlù méjì yẹn.

Ó fa abẹ ìfárí jáde. Bó ṣe gbé ọwọ́ ọ̀tún sókè, rọ́bà náà gbọ̀n. Ó sún sẹ́yìn kúrò níwájú ọwọ́ tó ń rùn náà, ó ń fà mọ́ ògiri, táyà ń wó lulẹ̀ lọ́tùn-ún lósì. Eṣinṣin bo ọwọ́ rẹ̀ dé ìgúnpá. Iná ń jó o láti àtẹ́lẹwọ́ wọ egungun, ó sì mọ̀ pé ohun méjì ló ń wo ara wọn níbẹ̀, òun kọ́ ni wọ́n ń wò. Alága dì mọ́ ọn lẹ́sẹ̀. Onígbàjámọ̀ fa abẹ náà gba ara rọ́bà láti òkè dé ìsàlẹ̀.

Kò bẹ́. Ó tú èémí. Ó tú u fún ìgbà pípẹ́, òórùn náà nípọn débi pé ó fẹ́rẹ̀ẹ́ ṣeé fọwọ́ mú, ọ̀rọ̀ sì wà nínú rẹ̀: síwájú, síwájú, ojo, ẹ yọ ọ́, atamátàsé méjì, ẹ lé e lọ. Ohùn Alága ni, àmọ́ ohùn àwọn mìíràn wà lábẹ́ rẹ̀, ohùn gbogbo orí bẹ́ǹṣì. Nígbà tó kù díẹ̀ kó parí, onígbàjámọ̀ gbọ́ ohùn ara rẹ̀.

Lẹ́yìn náà ó dákẹ́. Awọ wẹ́wẹ́ kan já bọ́ sílẹ̀. Alága ya ẹnu láti sọ̀rọ̀, afẹ́fẹ́ lásán ló jáde. Ó tún gbìyànjú. Ó di ọ̀fun ara rẹ̀ mú, ó ń wo àna rẹ̀, omijé ń bọ́ lójú rẹ̀. Ohùn kò tún jáde lẹ́nu rẹ̀ láti ọjọ́ náà.

*

Òmì ni wọ́n gbá nínú ìfẹsẹ̀wọnsẹ̀ ìkẹyìn, òdo sí òdo. Kóòṣì káwọ́ lẹ́yìn ní etí pápá, ó ti rù, ó dákẹ́. Atamátàsé kan ló lò. Onígbàjámọ̀ dá jókòó, ọwọ́ rẹ̀ wà nínú àpò ọ̀rá, àyè sì ṣófo yí i ká. Torí kò sí ẹni tó ń kígbe sí i létí, ó wo bọ́ọ̀lù náà. Ó rí i tó ń ti ẹ̀yìn bọ̀, ó gba àárín, ẹsẹ̀ dé ẹsẹ̀, láìyára, bí abẹ́rẹ́ tó ń ran aṣọ. Lẹ́ẹ̀mẹta ni ó dé iwájú ilé àwọn alátakò báyìí, lẹ́ẹ̀mẹta ni ó ku díẹ̀. Ẹsẹ̀-Òsì ni ì bá gbá a wọlé. Ẹsẹ̀-Òsì wà lórí bẹ́ẹ̀dì, wọ́n ti fi irin sí i lórúnkún.

Wọ́n jábọ́.

Onígbàjámọ̀ lọ bá ìyá agbẹ̀bí ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ náà nítorí ọwọ́ rẹ̀. Kò jẹ́ kó wọlé. Láti ojú fèrèsé ló ti gbọ́ ẹ̀bẹ̀ rẹ̀.

"Mo mọ bí wọ́n ṣe ń rán òórùn yìí," ó ní. "Ìyá mi kọ́ mi. Ó kú kó tó kọ́ mi bí wọ́n ṣe ń pè é padà."

"Ṣé títí ayé ni, ìyá?"

"Mi ò mọ̀. Máa fọ̀ ọ́." Ó pa fèrèsé dé.

Ní àárọ̀ ọjọ́ Ajé, orí bẹ́ǹṣì tún kún. Wọ́n ń jiyàn lórí ẹni tó yẹ kó wá ṣe kóòṣì. Alága wà láàárín wọn, ó ń fọwọ́ ṣàpèjúwe, kò sẹ́ni tó ń wò ó. Onígbàjámọ̀ dúró lẹ́yìn ilẹ̀kùn, jìnnà sí wọn. Ìgbà yẹn ni Kóòṣì wọlé. Ó ti di ẹrù rẹ̀ sínú ọkọ̀ níta, ó ń kúrò ní ìlú. Kò kí ẹnikẹ́ni. Ó mú ìgbálẹ̀ lẹ́yìn ilẹ̀kùn, lẹ́gbẹ̀ẹ́ onígbàjámọ̀ gan-an, kò wo ojú rẹ̀, ó bẹ̀rẹ̀ sí í gbálẹ̀.

Ó gbá abẹ́ àga. Ó gbá kọ̀rọ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin. "Ẹ jọ̀wọ́, ẹ gbẹ́sẹ̀," ó ní fún àwọn tó wà lórí bẹ́ǹṣì, wọ́n sì gbẹ́sẹ̀ sókè lọ́kọ̀ọ̀kan. Ó kúnlẹ̀, ó fi èékánná yọ èyí tó há sínú ihò pákó. Ó ṣí kílípà, ó fẹ́ ẹ sínú bébà. Nígbà tó parí, ó di gbogbo rẹ̀ sínú àpò, irun tirẹ̀ àti ti gbogbo ènìyàn, ó sì so ẹnu rẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì.

"Ẹ̀ bá ti sọ ọ́ fún mi lẹ́nu," ó ní. "Mo máa ń gbọ́."

Ó jáde. Wọ́n gbọ́ tí ọkọ̀ ṣí. Àwọn tó wà lórí bẹ́ǹṣì ṣì gbẹ́sẹ̀ sókè síbẹ̀, ilẹ̀ náà mọ́ débi pé kò sí ẹnikẹ́ni nínú wọn tó fẹ́ kọ́kọ́ tẹ̀ ẹ́.